Dókítà eyín tó kọ́kọ́ béèrè etí mi

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí wọ́n parí iṣẹ́ lórí eyín mi méjì ní ilé ìtọ́jú eyín kékeré kan ní Yábàá, nílùú Èkó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí n tó kọ èyí ni. Etí mi kì í tètè jẹ́wọ́. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí i lónìí lè di ọjọ́ kẹta kó tó figbe ta, ó sì lè gbà tó oṣù kan kó tó rọlẹ̀. Nísinsìnyí tó ti rọlẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ láti sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún mi dára gan-an. Mo fẹ́ kí ẹni tí etí rẹ̀ ń hó bíi tèmi, tó sì ń fi ìrora eyín pamọ́ nítorí ẹ̀rù díríìlì, gbọ́ bó ṣe lọ.

Ẹ má bínú pé n kò dárúkọ wọn. Dókítà náà ló bẹ̀ mí. Ó ní òfin iṣẹ́ àwọn kò fẹ́ kí dókítà máa polówó ara rẹ̀, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ló rán mi níṣẹ́. Mo gbà fún un. Ohun tí wọ́n ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ lè béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà tiyín.

Atẹ̀wé ni mí. Ṣómólú ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti lo ọdún 24 nídìí ẹ̀rọ Heidelberg, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri, tí ẹ̀rọ tó ń gé bébà ń já gbàgà lápá ọ̀tún mi. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó fi nǹkan kan dí etí. Lóru ọjọ́ kan lọ́dún 2016, mo ta jí, mo rò pé ẹnì kan ti gbàgbé kẹ́tùlù sórí iná. Mo dìde lọ sí ilé ìdáná. Kò sí nǹkan kan lórí iná. Láti òru ọjọ́ yẹn títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ̀wé yìí, ohùn náà kò dákẹ́ rí: ohùn tó tínrín, tó ga, bí ẹ̀fọn tó ń fò létí ẹni tí ọwọ́ kò sì lè pa.

Dókítà etí tó yẹ̀ mí wò fi àwòrán ìgbọ́ràn mi hàn mí. Ìlà náà ń lọ geerege, àfi ìgbà tó dé 4,000 hertz, níbi tí ohùn ti tínrín tó sì ga, tó já wálẹ̀ bí ẹni tó jìn sí kòtò. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ariwo ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Àwọn irun tíntìntín inú etí lọ́hùn-ún ti kú níbẹ̀, irun yẹn kì í sì í hù padà lára ènìyàn. Ọpọlọ tí kò gbúròó wọn mọ́ wá ń fi ohùn tirẹ̀ dí àyè wọn. Ó sọ fún mi pé àjọ NIOSH ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, fi ààlà sí 85 dẹ́síbẹ̀lì, ìyẹn ìwọ̀n bí ariwo ṣe le tó, fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, àti pé bí ariwo bá fi 3 péré lé e, ìdajì àsìkò yẹn ni kéèyàn lò nídìí rẹ̀. Mo jókòó, mo ro gbogbo wákàtí mẹ́wàá mẹ́wàá tí mo lò nídìí ẹ̀rọ yẹn, omi lé sí mi lójú.

Nítorí náà, kì í ṣe ìrora ló ń bà mí lẹ́rù nílé dókítà eyín. Ariwo ni. Ẹ̀rù náà sì nídìí.

Lọ́dún 2021, mo lọ fọ eyín níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Mo sọ fún ọkùnrin tó fẹ́ ṣe é pé etí mi ń hó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Bàbá, eyín la fẹ́ fọ̀, a ò fọwọ́ kan etí.” Ẹ̀rọ tó ń fi gbígbọ̀n fọ́ ìdọ̀tí líle kúrò lára eyín ló lò. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ̀n tó ìgbà 25,000 sí 30,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ju 20,000 lọ, èèyàn á wá rò pé kò ní gbọ́ nǹkan kan. Irọ́ ni. Bí orí irin yẹn bá ti kan eyín, ohun tó ń dún nínú agbárí ẹni kọjá kèrémí. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́nu mi láìsinmi. Nígbà tí mo délé, etí mi ọ̀tún ti ní ohùn kejì, ó ga ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀. Òru mọ́kàndínlógún ni mo kà kó tó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo búra pé n kò ní lanu fún dókítà eyín mọ́. Eyín ẹ̀yìn kan lókè lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò, mo ń fi kànáfùrù sí i. Ti ìsàlẹ̀ lápá òsì, tí wọ́n ti fi irin dí láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ó là, oúnjẹ ń há sí i. Mo wá di ẹni tó ń fi eyín iwájú jẹ ẹran bí ehoro. Ìyá àwọn ọmọ mi ń wò mí, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń ge ẹran tèmi wẹ́wẹ́ kó tó gbé oúnjẹ wá. Olùkọ́ kan tó máa ń tẹ ìwé ọmọ ilé-ìwé lọ́dọ̀ mi ló rí mi tí mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ló bá júwe ibi tí wọ́n ti tọ́jú ìyá rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọn kò fọwọ́ kan eyín kankan. Àyẹ̀wò ₦10,000, X-ray ₦8,000, ìyẹn nìkan. Inú bí mi díẹ̀ pé mo san owó, mo sì tún ń gbé ìrora padà sílé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni owó mi ṣiṣẹ́ fún mi jù.

Dókítà náà kò tíì tó ogójì ọdún, obìnrin tó fara balẹ̀ ni. Kó tó ní kí n lanu, ó ti ka ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ ara mi sí lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ibi tí mo kọ ọ́ sí pé etí mi ń hó. Ó gbé ìwé náà kalẹ̀. “Bàbá, etí wo ló le jù? Ṣé ó máa ń yí padà bí ẹ bá di eyín pọ̀?” Láti ọdún 2016, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo di eyín pọ̀ níwájú rẹ̀; ohùn náà ga sí i, bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi ìka méjì sí iwájú etí mi lọ́tùn-ún lósì, ó ní kí n lanu, kí n pa ẹnu dé, díẹ̀díẹ̀. Ó ní oríkèé àgbọ̀n ni òun fọwọ́ bà yẹn, pé àárín oríkèé yẹn àti ihò etí kò tó ìbú ìka, àti pé bí èèyàn bá la ẹnu kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àárẹ̀ iṣan ibẹ̀ nìkan tó láti ru etí tó ti ń hó tẹ́lẹ̀ sókè. Ó ní òun á fi rọ́bà kékeré kan sáàárín eyín mi kí n má bàa máa fi agbára la ẹnu, òun á sì máa yọ ọ́ kí n sinmi.

Mo fi fóòmù ìdí-etí tí mo rà wá hàn án. Mo rò pé òun ni ojútùú. Ó ní, “Ẹ fi dí etí, kí ẹ wá fi imú kùn hùùùn.” Mo ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú rẹ̀ níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ fi ìka di etí méjèèjì, kí ẹ kùn. Ohùn yín kì í rẹlẹ̀, ṣe ló ń pọ̀ sí i, tó ń kún inú orí. Ó wá ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ni ariwo díríìlì ń gbà dé etí. Ọ̀kan ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, fóòmù lè dín ìyẹn kù. Èkejì ń gba inú eyín, ó gba eegun àgbọ̀n àti agbárí, ó lọ tààrà síbi tí etí ti ń gbọ́ràn, fóòmù kò lè dá ìyẹn dúró. Ariwo tó nípọn tó ń gba eegun tilẹ̀ lè dún sókè sí i bí a bá di etí. “Ẹ lò ó nítorí súfèé ẹ̀rọ,” ó wí, “ṣùgbọ́n ọ̀nà eegun, ọwọ́ mi ni ìyẹn wà.” Gbólóhùn yẹn ló mú kí n padà wá.

Eyín òkè ló kọ́kọ́ ṣe. Kò lo díríìlì rárá. Irinṣẹ́ kékeré tó rí bí ṣíbí ọmọ ọwọ́ ló fi ń wa ibi tó ti jẹrà kúrò, lẹ́yìn náà ó po símẹ́ǹtì funfun kan, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọ ihò náà. Ó ní àárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní Tanzania, nítorí àwọn abúlé tí kò sí iná mànàmáná tí díríìlì lè lò. Ó dùn mọ́ mi pé Áfíríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ohun tó gba etí mi là. Kì í ṣe gbogbo ihò eyín ló ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ó ní tèmi fẹ̀ lẹ́nu, ó sì rọ̀, ni irinṣẹ́ ọwọ́ fi ráyè wọ̀ ọ́. Ìró tó ń dé inú orí mi kò ju hárá-hárá lọ, bí ẹni tó ń ha èèpá ìdí ìkòkò nínú yàrá kejì. Abẹ́rẹ́ tó fi mú ẹnu mi kú kò ní adrẹnálínì, tó máa ń mú kí àyà yára lù, nínú, nítorí mo sọ fún un pé bí àyà mi bá ń yára lù, etí mi máa ń bá a lọ. Ó kìlọ̀ pé irú rẹ̀ kì í pẹ́ lára bí èyí tó ní in, lóòótọ́ sì ni, ó ta mí nígbà méjì sí ìparí. Mo fara mọ́ ọn. Ìgbà tí mo délé, mo jókòó ti ara mi, mo tẹ́tí. Ẹ̀fọn mi àtijọ́ ló wà níbẹ̀, òun nìkan.

Ti ìsàlẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Irin àtijọ́ kò ṣeé fi ṣíbí wà.

Ó ní díríìlì tí wọ́n ń fi atẹ́gùn yí máa ń yí ju 300,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan, òun ló ń súfèé tí gbogbo ayé ń sá fún. Ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń lo iná kì í yí ju 200,000, kì í sì í súfèé tó bẹ́ẹ̀, òun yóò sì lò ó níwọ̀n tí kò le. A ṣe àdéhùn: òun á ka ení dé àrún, á gbé ẹ̀rọ kúrò lára eyín, bí mo bá sì gbé ọwọ́ òsì sókè nígbàkúùgbà, òun á dúró.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí nínú orí mi, nítorí àwọn tí etí wọn kò hó kò lè mọ̀ ọ́n. Díríìlì kan eyín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó nípọn, ó ń gùn bọ̀ bí ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ó gòkè títí ó fi dé ibi tí ohùn tèmi wà. Níbẹ̀, àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n wé mọ́ra wọn, n kò sì mọ èwo ni ti ẹ̀rọ, èwo ni tèmi. Ibẹ̀ ni àyà mi ti máa ń já: bí ẹ̀rọ bá dúró báyìí, ṣé tèmi náà máa padà sí ìwọ̀n rẹ̀ àbí á dúró sí òkè yẹn títí láé? “Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún.” Ó gbé e kúrò. Ìdákẹ́jẹ́. Mo tẹ́tí. Tèmi sọ̀kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń wálẹ̀ nínú kànga. Mo fi orí dáhùn pé kó máa lọ.

Ìgbà mẹ́rin ni mo gbé ọwọ́ sókè. Ní ìgbà kẹta, kò tíì ka ẹ̀ta. Kò di ẹ̀rọ náà mú lókè orí mi, kó máa wò mí bí ẹni tó ń kánjú. Ó gbé e kalẹ̀ sínú àwo, mo gbọ́ tó dún kọ̀ń, ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní, “Ṣé eyín ni, Bàbá, àbí etí?” Mo tọ́ka sí etí. Ó ní kò burú, ó yọ rọ́bà lẹ́nu mi, ó jẹ́ kí n pa ẹnu dé, ó sì dúró títí mo fi sọ pé ó yá. Bí mo bá ní kí n fi nǹkan kan rántí ibẹ̀, kọ̀ń tí irin yẹn dún nínú àwo ni.

Àbùkù wọn wà. Ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní atẹ́gùn, irú èyí tí fọ́kanáísà ń fi fẹ́ táyà, ẹ̀yìn ògiri àga ìtọ́jú gan-an ni wọ́n gbé e sí. Ní àárín iṣẹ́, NẸ́PÀ mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ta jí, òun náà ta jí tẹ̀lé e, gbogbo ògiri ń gbọ̀n. Dókítà dá iṣẹ́ dúró títí ó fi kún tó sì dákẹ́, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sí àgbàlá ẹ̀yìn. Tẹlifíṣọ̀n yàrá ìdúró tún ń pariwo bí ọjà. Nọ́ọ̀sì bá mi dín in kù, ó ní, “Ẹ má bínú, Dádì,” kò pẹ́ tí ẹlòmíràn tún gbé e sókè. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni mo lò níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí etí mi sinmi jù lọ. Ẹni tó ń gbé fóònù wọn pẹ̀lú, nígbà tí mo kọ́kọ́ pè, ó ní ọ̀rọ̀ etí kò kan àwọn. Ó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ ní ohun tí dókítà wọn mọ̀.

Owó náà kò kéré fún atẹ̀wé: ₦35,000 fún ti òkè, ₦55,000 fún ti ìsàlẹ̀. Wọ́n gbà kí n pín owó ti ìsàlẹ̀ san lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé àwọn ibi mìíràn á dí ihò eyín fún iye tó dín sí èyí. Àsìkò ni mo rà ní tèmi. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn lè fi ogún ìṣẹ́jú ṣe, wákàtí kan àti díẹ̀ ló fi ṣe é, ó sì jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni mo fi sinmi.

Lóru ọjọ́ díríìlì, etí ọ̀tún mi gòkè. N kò ní purọ́ fún yín. Mo tan fáànù, bí mo ṣe máa ń ṣe, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa bò ó. Iná lọ ní aago méjì, fáànù dúró, etí mi gba gbogbo yàrá. Ìyá àwọn ọmọ mi ló dìde, ó tan rédíò kékeré oníbátìrì, ó yí i sí àárín ibi tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan, tó kàn ń ṣe ṣáá bí òjò lórí páànù. Mo sùn. Ọjọ́ kẹrin ló ṣì ga díẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún, ó ti padà sí bó ṣe wà. Mo fi èyí wé òru mọ́kàndínlógún ti ọdún 2021.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà fúnra rẹ̀ pè mí. Etí ló kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè eyín. Parasitamọ́ọ̀lù nìkan ló kọ fún mi. Ó fi báírò pupa kọ ọ́ sórí káàdì mi pé etí mi ń hó, ó sì sọ fún mi pé kí n máa fi han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún mi lóògùn: kí n má máa gbé àsípírínì púpọ̀ mì nítorí eyín, kí n má sì jẹ́ kí wọ́n kàn gún mi ní abẹ́rẹ́ jẹntamaísìn ní kẹ́míìsì, nítorí oògùn wọ̀nyí lè ṣe etí ní jàǹbá. Ó ní kinínì náà wà lára wọn. Mo rántí ìyá mi tó máa ń sọ pé etí òun ń ké bí ó bá ti lo kinínì fún ibà, tí a sì rò pé ibà náà ló ń ké.

Mo ti ń fi eyín méjèèjì jẹun báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jẹ àgbàdo sísun, mo fi apá ọ̀tún jẹ ẹ́ tán.

Ó ku kí wọ́n fọ eyín mi, ohun tó lé mi sá lọ́dún 2021. Dókítà ní irinṣẹ́ ọwọ́ lòun á fi ha á, láìlo ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n, apá ọ̀tún lọ́jọ́ kan, apá òsì lọ́jọ́ mìíràn. Ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀ ni ti ọ̀tún. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo gbà, èmi ni àkọ́kọ́ lórí ìwé wọn, kí ẹnikẹ́ni tó tan tẹlifíṣọ̀n.